Àpótí Lẹ́tà Èkó: Ibi Tó Ti Ṣẹ̀ Wá

Bí a bá bi onítàn ní Èkó pé ìgbà wo ni lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ wa, 1852 ni yóò sọ. Ọdún náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ síbí, lẹ́yìn tí àgbá ọkọ̀ ogun wọn ti lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, lọ ní ìparí 1851. Mi ò bá ọdún yẹn jà. Ohun tí mi ò gbà ni pé ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tú orúkọ tí àwa fúnra wa sọ ọ́ wò: ìfìwéránṣẹ́. Fi ìwé rán iṣẹ́. Iṣẹ́ ni à ń rán, ìwé kàn jẹ́ ohun tí a fi rán an ni. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ báyẹn mọ̀ dájú pé nǹkan mìíràn la fi ń rán iṣẹ́ kí ìwé tó dé.

Àrokò ni nǹkan náà, ohun tí a fi ń sọ̀rọ̀ láìkọ ìwé. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín papọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí pé ẹ̀fà ni. Mẹ́jọ ń sọ pé èrò wa jọ. Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé nìyẹn. Bí ìyẹ́ ẹyẹ bá wà lára rẹ̀, kí ẹni tó gbà á máa bọ̀ kíákíá bí ẹyẹ tó ń fò. Àlùfáà C. A. Gollmer ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS kó láti Badagry wá sí Èkó ní 1852 kan náà tí lẹ́tà dé, síbẹ̀ àrokò wa ló kọ̀wé nípa rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1885.

Àrokò ní òfin. Ońṣẹ́ kì í tú u lójú ọ̀nà. Kì í gbé e lé ọmọ tó ń ṣeré lójúde lọ́wọ́. Bó bá dé agbo ilé, ọ̀dọ̀ baálé ló ń kọ́kọ́ yà sí, nítorí pé a kì í gba ẹ̀yìnkùlé jíṣẹ́ fún ẹni tó ní olórí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ta ló tún yẹ kó wá kọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé a kì í já lẹ́tà ẹlòmíràn?

Àwọn kan ń gbé Kàlàbá lárugẹ pé ibẹ̀ ni ìfìwéránṣẹ́ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Òyìnbó ti ń gúnlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́.

Àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, tó tẹ̀dó sí Olówógbowó ló so ìwé mọ́ àṣà wa. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n sì ní ẹbí ní Freetown. Ní 1852 náà ni ọkọ̀ Macgregor Laird, oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà láti Ìlú Ọba wá sí etíkun wa. Iyanrìn ẹnu òkun Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé nígbà náà, nítorí náà ọkọ̀ kéékèèké ló ń lọ gba ẹrù lójú agbami. Ní tèmi, ibẹ̀ ni àpótí lẹ́tà ti ṣẹ̀. Nígbà tí àpò lẹ́tà bá dé, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan láti agbo ilé máa lọ gba ti gbogbo ilé. P.O. Box tí à ń háyà lónìí, tí òṣìṣẹ́ ń ti ẹ̀yìn kó lẹ́tà sí, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ wa ṣí níwájú, baálé onírin ni mo kà á sí.

Sítáǹpù tó jẹ́ ti Èkó fúnra rẹ̀ jáde ní 1874. Rélùwéè gbé lẹ́tà dé Ìbàdàn ní 1901. Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé ní 1961, NIPOST, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, dá dúró ní 1985, kóòdù onínọ́ńbà 6 tó ń tọ́ka ibi tí lẹ́tà ń lọ sì dé ní 2000. 1 ló ń bẹ̀rẹ̀ ti Èkó.

Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí pé ṣé dandan ni P.O. Box. Kì í ṣe dandan. Bí àdúgbò bá ní orúkọ, tí ilé sì ní nọ́ńbà tó hàn síta, akólẹ́tà lè gbé e wá. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà ilé, òpópónà, àdúgbò, kí kóòdù náà sì wà níbẹ̀. Lẹ́tà tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ sínú àpótí; ẹni tó bá gbà á yóò bọ́wọ́ lùwé.

Ẹ̀búté Mẹ́ta ni mo dàgbà sí, nínú ilé olójúlé mẹ́wàá. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kan àpótí pákó mọ́ ara ilẹ̀kùn ọ̀nà, ó sì fi páànù bò ó lórí nítorí òjò. Ayálégbé ni wá níbẹ̀. Nígbà tó mú ọ̀dà láti kọ orúkọ sí i, orúkọ bàbá onílé ló kọ.