Bí Ìyá Àgbà Ṣe Ń Bọ́ Nínú Ìṣirò Ìfipábánilòpọ̀

Ní Íńgílàǹdì àti Wales, àwọn olùwádìí ìjọba máa ń lọ sí àwọn ilé tí wọ́n ṣà láti béèrè irú ìwà ọ̀daràn tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn ibẹ̀. Tó bá kan ìfipábánilòpọ̀, wọn kì í béèrè lẹ́nu: wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà fún ẹni náà kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdáhùn, kí ará ilé má baà gbọ́. Ètò tó dáa ni. Àmọ́ títí di ọdún 2017, ìbéèrè yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ti pé ọdún 60. Ọdún yẹn ni wọ́n sún ààlà ọjọ́ orí dé 74. Ọdún 2021 ni wọ́n tó mú un kúrò. Ìyá tó ń gbé ilé ìtọ́jú arúgbó kò sì sí nínú ìṣirò náà rárá.

Ní Nàìjíríà, obìnrin ọdún 15 sí 49 ni ìwádìí ńlá nípa iye èèyàn àti ìlera, tí wọ́n ń pè ní NDHS, ń bi, torí pé ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìbéèrè nípa ìwà ipá kún un lọ́dún 2008, wọn kò sún ààlà náà. Àfi bí ẹni pé ewu ti ré obìnrin tó pé 50 kọjá. Irọ́ gbáà ni.

Àwọn olùwádìí méjì kan, Hannah Bows àti Nicole Westmarland, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n lo òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba, wọ́n fi béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá Bìrìtìkó. Láàárín 2009 sí 2013, ẹjọ́ 655 ni wọ́n rí, tí ẹni tí wọ́n fipá bá lò ti pé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin ló pọ̀ jù, inú ilé wọn ló sì ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìwọ̀nba àwọn tó fẹjọ́ sùn nìyẹn o.

Orúkọ ọ̀ràn náà kọ́ ló yẹ kí olùwádìí fi béèrè. Ọ̀pọ̀ ìyá lọ́kọ nígbà tí òfin gbà pé ọkọ kò lè jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀ lórí ìyàwó rẹ̀, torí náà wọ́n lè má pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní orúkọ yẹn. Ọdún 1991 ni ilé ẹjọ́ Íńgílàǹdì fagi lé òfin náà. “Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti fi tipátipá bá yín sùn rí, Mà?” ló lè mú ọ̀rọ̀ jáde.

Ìbéèrè náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ níkọ̀kọ̀. Tí ẹlòmíràn bá wọlé, olùwádìí á yára bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Fún arúgbó, èyí ló le jù: ẹni tó ń bọ́ ọ, tó ń wẹ̀ ẹ́, kì í fẹ́ kúrò nítòsí, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni ọ̀daràn náà.