Òdòdó Tó Ń Pa Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Nínú Abọ́ Dígí

Àwọn tó ń wá ra oògùn lọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì sábà máa ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé omi ìṣápá pupa, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí zobo, ń wo àrùn jẹjẹrẹ. Wọ́n ti kà á lórí fóònù pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á wo ibi tí wọ́n ti rí i dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ẹ mú ìṣápá gbígbẹ ẹyọ kan nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun pupa tó nípọn, tó là sí márùn-ún bí ìka ọwọ́ yẹn, kì í ṣe òdòdó gan-an. Èèpo tó gbá òdòdó mọ́ra ni, òun ló sì máa ń kù lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù. Aró pupa inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní anthocyanin, ni wọ́n dà sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ (sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara) ní yàrá ìwádìí tí sẹ́ẹ̀lì náà sì kú.

Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò sí lára ènìyàn kankan mọ́. Inú abọ́ dígí ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ kí ó máa pọ̀ sí i. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, HeLa, wá láti ara Henrietta Lacks, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ pa ní 1951. Sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ kò ní ikùn tí oògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kọjá, kò ní ẹ̀dọ̀ tí yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kò sì ní kíndìnrín tí yóò sẹ́ ẹ dànù. Ara tiwa ní gbogbo rẹ̀, nítorí náà díẹ̀ péré nínú aró ìṣápá tí a mu ni ó ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ethanol (ọtí líle) tàbí methanol (irú ọtí olóró kan) ni wọ́n fi ń fa èròjà jáde lára òdòdó ní yàrá ìwádìí, nígbà tí àwa ń fi omi sè é nílé. Ohun tó wà nínú ìgò wọn kì í ṣe ohun tó wà nínú ìkòkò wa. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe dán methanol wò o, nítorí ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani.

Pé nǹkan pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò tíì tó. A gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó dá sẹ́ẹ̀lì rere sí. Bomubomu ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà kan náà lè da lílù ọkàn ènìyàn rú. Jogbo tó ń tan òdòdó ìyeyè lẹ́bàá ọ̀nà wa ní èròjà kan, tagitinin C, tó lágbára sí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àwọn ẹranko ní omi ewé rẹ̀, ó ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn jẹ́.

Èyí kò sọ pé ewéko kò lè di oògùn jẹjẹrẹ. Òdòdó píńkì tàbí funfun kékeré tí ọ̀pọ̀ ilé gbìn síwájú, Catharanthus roseus, tó ti Madagascar wá, ti di oògùn tòótọ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Robert Noble àti Charles Beer ní Kánádà ń wá oògùn àtọ̀gbẹ nínú ewé rẹ̀ ni, wọ́n sì rí i pé ó ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ní 1958 ni wọ́n kéde vinblastine, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Vincristine, èkejì rẹ̀, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1963, wọ́n sì ń lò ó títí dòní fún àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá jà. Ó ń dí àwọn okùn tín-ín-rín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pín ara rẹ̀ sí méjì lọ́wọ́. Èròjà yìí kéré púpọ̀ nínú ewé, ó sì le: mílígíráàmù 2 ni àgbàlagbà kì í sábà gbà jù lẹ́ẹ̀kan, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń fà á sí, torí pé bí wọ́n bá ṣèèṣì fún un sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ni. Ta ni yóò wọn mílígíráàmù 2 nínú ìkòkò àgbo? Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sè é mu.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá eléwé-ọmọ wa, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú zobo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ mọ̀ pé zobo náà ń mú ìfúnpá wálẹ̀. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ẹni tó fọwọ́ kan kókó lọ́mú tó sì ń fi oṣù gbọọrọ mu òdòdó kiri, nígbà tí ilé ìwòsàn olùkọ́ni wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì tí wọ́n ti lè gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Bí kókó bá wà, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá sì ti ń mu àgbo, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání fún dókítà, kí ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ń mu ún lójúmọ́, nítorí ẹ̀dọ̀ kan náà ni yóò ṣiṣẹ́ lórí àgbo àti lórí oògùn tí wọ́n bá fún yín.