Ta Ló Ni Ìjà Tó Kàn?

Ìjà ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí wọ́n bá jà lálẹ́ ní Las Vegas, kùtù hàì ló máa ń bá wa ní Ìlọrin. Ní Tanke, ẹni tó ni ilé ìwo-bọ́ọ̀lù á tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Àwọn èèyàn á fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì, ṣágo omi àlùwàlá á sì wà lẹ́nu ọ̀nà, torí ìjà lè má tíì parí kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti máa ń jáde lọ́dọọdún: "Fury ń sá fún Joshua." Akànṣẹ́ ńlá méjì láti Britain ni wọ́n. Ẹlòmíì á ní rárá o, Joshua gan-an lẹ̀rù ń bà.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí ẹni tó mọ ìdí ọ̀ràn nínú. Ẹni tó ti ń gba ẹ̀ṣẹ́ lójú láti ìgbà ọ̀dọ́, tó fi ń jẹun, ojora ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ni yóò jẹ́ kó fi owó tó lè ra àdúgbò kan sílẹ̀. Ojú akànṣẹ́ ni a ń wò níbi tó yẹ ká ti máa wo ìwé tó tọwọ́ bọ̀.

 Nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló le jù. Pùrómótà méjì, ìyẹn àwọn oníṣòwò tó ń gbé ìjà kalẹ̀, á jókòó, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn á bá wọn jókòó, wọ́n á jà lórí ìpín, wọ́n á sì pín in. Ní àsìkò àwọn akànṣẹ́ Lennox Lewis àti Mike Tyson, HBO ló ní ọ̀kan, Showtime ló ní èkejì, síbẹ̀ wọ́n jọ gbé ìjà náà jáde ní Memphis ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2002. Owó máa ń wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ owó. Ohun tí kì í tètè yanjú ni pé, ta ló ni ìjà tó kàn?

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọjà Ìpàtà. Obìnrin mẹ́wàá ń dá èsúsú, oníkálukú ló mọ oṣù tí kíkó rẹ̀ bọ́ sí. Bẹ́líìtì, àmì ọ̀gá ayé nídìí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, náà nìyẹn. Àjọ mẹ́rin ni ayé ka bẹ́líìtì wọn sí: WBA, WBC, IBF àti WBO. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè ìwé náà ni ẹni tó kàn, ọ̀gá tó ni bẹ́líìtì sì gbọ́dọ̀ bá a jà láàárín àkókò tí àjọ náà dá. Ẹni tó bá wá gba bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di olórí èsúsú mẹ́rin nìyẹn. Èèyàn mẹ́rin lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóṣù kan náà pé oṣù tàwọn ló pé, ìwé èsúsú kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Bí ọ̀gá àti ẹni tó kàn kò bá fẹnu kò, àjọ á ṣe gbàǹjo. Pùrómótà tó bá fẹ́ gbé ìjà náà á kọ iye tó lè san, á lẹ ìwé rẹ̀ pa, wọ́n á wá tú gbogbo rẹ̀ lójú ara wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìjà Fury àti akànṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Dillian Whyte di gbàǹjo. Frank Warren, pùrómótà Fury, kọ 41,025,000 dọ́là. Ẹni tó tẹ̀ lé e kọ 32,222,222. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là tí Warren fi jù ú lọ, kìkì nítorí pé kò sẹ́ni tó rí ìwé ẹnìkejì. Wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá borí. Nínú ìyókù, ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti Fury, ogún jẹ́ ti Whyte. Apá yìí ni orí pé jù nínú gbogbo ètò náà, torí kò sí àyè fún "mo fẹ́ bá a jà, òun ni kò fẹ́." Iye tí o kọ ni ọ̀rọ̀ rẹ.

Ẹni tó kàn lè yà fún ẹlòmíì, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì ṣe máa ń bẹ ẹnìkejì pé kó jẹ́ kóun kó tòun ṣáájú. Ẹni tó yà kì í yà lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 1996, Lewis ni WBC sọ pé ó kàn fún Tyson. Wọ́n fún un ní mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là kó yà, kí Tyson lè bá Bruce Seldon jà. Ó gbà á, ó yà. Ọdún mẹ́fà kọjá kí àwọn méjèèjì tó kojú ara wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Tyson pé ọmọ ọdún 36 nígbà náà, Lewis sì nà án mọ́lẹ̀ ní abala kẹjọ. Ìjà tí gbogbo ayé ń retí ti gbó kí wọ́n tó gbé e wá.

Títí dé ibí, èsúsú ṣì ni. Ibi tó ti dàrú ni gbólóhùn kan tó máa ń wà nínú ìwé àdéhùn: bí mo bá pàdánù, èmi àti ìwọ la jọ máa tún un jà kí o tó bá ẹlòmíì jà. Gbólóhùn ìtúnjà nìyẹn. Ó dà bí obìnrin tó ti kó èsúsú tirẹ̀, tó wá mú ìwé dání pé bí ọjà òun bá bàjẹ́, òun náà ni yóò tún kó ti oṣù tó ń bọ̀. Ní Ìpàtà, irú èsúsú bẹ́ẹ̀ kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí yóò fi tú. Nídìí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, wọ́n ń bọwọ́ lù ú lójoojúmọ́.

Ohun tó ṣe ní 2015 rèé. Fury na Wladimir Klitschko ní Düsseldorf ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, ó sì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Klitschko ní gbólóhùn ìtúnjà lọ́wọ́. IBF náà ní Vyacheslav Glazkov ló kàn. Èèyàn kan kò lè bá èèyàn méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà, Fury sì di ìwé Klitschko mú. Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tó borí, IBF gba bẹ́líìtì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Charles Martin gbà á níwájú Glazkov ní oṣù kìíní. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2016, Anthony Joshua ti gbà á lọ́wọ́ Martin ní abala kejì. Bẹ́líìtì tí ọmọ tí ilé wọn wà ní Ṣàgámù yìí fi kọ́kọ́ di ọ̀gá ayé, ìwé ló já a kúrò ní ìdí Fury. Ìtúnjà tí Fury tìtorí ẹ̀ pàdánù bẹ́líìtì, wọn kò jà á títí dòní.

Ìwé tó ṣe Joshua lóore lọ́jọ́ yẹn ló padà wá dí i lọ́nà. Fury na Deontay Wilder, akànṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì ọdún 2020, Wilder sì ní òun fẹ́ lo gbólóhùn ìtúnjà òun. Àrùn Kòrónà dé, ìjà náà ń sún síwájú. Àwọn ará ibi ti Fury ní àsìkò rẹ̀ ti kọjá, wọ́n kọjú sí Joshua. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, Fury fúnra rẹ̀ jáde nínú fídíò pé ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ni, ní Saudi Arabia. Kò pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà tí onílàjà kan ní Amẹ́ríkà, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dá ẹjọ́ pé Wilder ṣì ló ni ìjà tó kàn. Ó parí. Joshua lọ kojú ẹni tí WBO ní ó kàn, ìyẹn Oleksandr Usyk, ó sì pàdánù gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Fury na Wilder ní abala kọkànlá ní Las Vegas. Àsùbáà ń sún mọ́lé ní Ìlọrin lọ́wọ́, wọ́n sì ń wí lórí bẹ́ǹṣì pé ẹ̀rù ló bà á.

Àmọ́ ẹni tó bá ń bú gbólóhùn ìtúnjà nítorí Joshua gbọ́dọ̀ rántí Andy Ruiz. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2019, Ruiz gbá Joshua ṣubú ní New York, ó kó bẹ́líìtì mẹ́ta lọ. Gbólóhùn yìí kan náà ló jẹ́ kí Joshua rí i kojú lẹ́ẹ̀kan sí i ní Diriyah ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, tó sì gba gbogbo ẹ̀ padà. Ká ní kò sí nínú ìwé ni, ta ni yóò fún un láyè? Ọ̀gá kankan kò ní gbé bẹ́líìtì rẹ̀ wá síwájú akànṣẹ́ tó gbóná bí kò bá rí ohun tí yóò fẹ̀yìn tì. Torí náà, kò yẹ kí wọ́n pa á rẹ́. Ohun tó yẹ ni kí ọjọ́ ikú rẹ̀ wà lára rẹ̀: oṣù mẹ́fà, àìsàn ì báà ṣe é, àjàkálẹ̀ àrùn ì báà wáyé. Bí wọn kò bá jà á, kí ẹni tó kàn kọjá sí iwájú.

Ní Ọ̀fà, níbi tí ìjàkadì ti jẹ́ orò, kò sẹ́ni tó ń bọwọ́ lu ìwé kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gan-an kò lọ́ra báyìí nígbà kan. Dick Tiger ọmọ Nàìjíríà àti Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà kò wúwo tó àwọn wọ̀nyí, àmọ́ wọ́n bára wọn jà ní San Francisco ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, Tiger borí. Wọ́n tún un jà ní Las Vegas ní oṣù kejì ọdún 1963, wọ́n ta ọ̀mì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, wọ́n ti wà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kò pé oṣù mẹ́wàá tí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fi pé. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò sì dìde mọ́.