Bí Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Ń Gba Ojú àti Etí Wọlé Sórí Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó àti Ìbàdàn, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ máa ń kọ́kọ́ dá kà lè má ti inú ìwé wá. Ara ògiri ló máa ń wà, ọ̀dà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ gàdàgbà: "This House Is Not For Sale." Ẹni tó kọ ọ́ ń sá fún gbájúẹ̀ tó lè ta ilé onílé ni, kò mọ̀ pé òun ń ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ọmọ náà ti mọ "house" láti iléèwé. "Not" kò ṣòro. "Sale" ni kò yé e. Àmọ́ ó ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé àwọn ẹbí ń jà lórí ilé náà àti pé wọn kò tà á, nítorí náà ó ti ń fura. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó rí "For Sale" lára ọkọ̀ àlòkù kan létí títì. Ó tún rí "Sales Girl Wanted" lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó jókòó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, síbẹ̀ ó ti di tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ èdè àjèjì ṣe ń wọlé nìyẹn. Kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà àkọ́kọ́, ojú kàn rí i ni. Nígbà kejì, ọkàn méfò. Nígbà kẹta tàbí kẹrin, ìméfò náà bọ́ sí i tàbí kó tàsé, ọmọ á sì tún un ṣe. Ìwé atúmọ̀ èdè lè sọ ìtumọ̀ "sale" fún un láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń kó hàn án dáadáa. Ohun tó wà "for sale" yàtọ̀ sí ohun tó wà "on sale", "sales girl" kì í sì í ṣe ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ tà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń rìn dé ni a ti ń mọ irú ẹni tó jẹ́.

Àmọ́ kí ọmọ tó lè ka ògiri, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé àmì tó wà lára ògiri náà ń dún. Yorùbá ló ń kọ́ ọmọ ní èyí láìfi wàhálà kún un. Ìlànà àkọtọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní Èkó ní 1875, tí wọ́n sì ti tún ṣe láti ìgbà náà wá, jẹ́ kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa pa àdéhùn rẹ̀ mọ́: "ṣ" kì í dún bí "s" lónìí kó tún dún bí "k" lọ́la. Ọmọ tó bá ti lè ka "bàtà" á ka "bàbà", á ka "bàǹtẹ́", kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ rí.

Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì. "Though", "through", "cough", "enough": lẹ́tà mẹ́rin kan náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbà ń dún. Ọmọ tó ń retí kí lẹ́tà ṣe olóòótọ́ á rò pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣeé tò pọ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú la fi ń dá a mọ̀, bí a ṣe ń dá aládùúgbò mọ̀, ẹni tí a kò bá sì rí lemọ́lemọ́, a kì í tètè dá a mọ̀. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí ìwé kíkà kò fi ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí Yorùbá bá ti ń dín kù lẹ́nu ọmọ ni Gẹ̀ẹ́sì á ṣe máa pọ̀ sí i, àfi bí ẹni pé ìkòkò kan ṣoṣo ló wà tí èdè méjèèjì ń jìjàdù àyè nínú rẹ̀. Wọ́n ti dán èyí wò nílẹ̀ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo nǹkan yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì dára jù wọ́n lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tó ti mọ ohun tí òjò, gbèsè tàbí ìdá mẹ́ta jẹ́ ní Yorùbá kò ní ohun méjì láti kọ́. Orúkọ tuntun nìkan ló kù. Nítorí náà, iléèwé tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ "vernacular" ń kọ́ ọ láti dákẹ́ ni. Dídákẹ́ kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo ni ìwé ṣe gbọ́dọ̀ le tó? Ìwádìí tí Marcella Hu àti Paul Nation gbé jáde ní 2000 fi hàn pé kí òǹkàwé tó lè gbádùn ìwé láìsí ìrànlọ́wọ́, ó tó kó mọ ọ̀rọ̀ bíi 98 nínú 100. Èyí jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì péré ló ṣàjèjì sí i nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lè dà bíi pé ìyẹn ti rọrùn jù, àmọ́ ẹni tó fẹ́ fò kọjá gọ́tà gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tó le tó dúró lé. Ọ̀rọ̀ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún yẹn nilẹ̀ tí ọmọ dúró lé kó tó lè méfò méjì tó kù. Ìwé tí a máa ń gbé fún àwọn ọmọ wa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlà kan ṣoṣo wọ́n lè bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọn kò gbọ́ rí pàdé. Wọ́n á ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n á kọ ìtumọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á padà, wọ́n á ti gbàgbé ibi tí ìtàn dé. Ìyẹn ti kúrò ní ìwé kíkà, ó ti di ilẹ̀ wíwà.

Ní erékùṣù Fíjì, àwọn olùwádìí méjì, Warwick Elley àti Francis Mangubhai, ṣe òdìkejì rẹ̀ ní àwọn iléèwé ìgbèríko ní nǹkan bí 1980. Wọ́n kó ìwé ìtàn aláwòrán 250 lọ sí kíláàsì kọ̀ọ̀kan, fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún. Ìtàn tó ń pani lẹ́rìn-ín ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ìwé gírámà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ìlọsíwájú àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì tó ìlọ́po méjì ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà. Ìyàtọ̀ náà kò sì pa rẹ́ ní ọdún kejì.

Etí náà ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń túmọ̀ ìwàásù. Pásítọ̀ á sọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, á dúró. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ti méfò. Ògbufọ̀ á wá gbé Yorùbá rẹ̀ kalẹ̀, ọmọ á mọ̀ bóyá òun gbà á tàbí òun kò gbà á. Wákàtí kan gbáko lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń bi í ní ìbéèrè tí wọ́n sì ń fún un ní ìdáhùn, ó tún jẹ́ pé ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ń tú náà ti wà lórí rẹ̀ ní Yorùbá. Fíìmù Yorùbá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti apá kejì: Yorùbá ń lọ sétí, Gẹ̀ẹ́sì ń kọjá nísàlẹ̀ amóhùnmáwòrán. (Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ yẹn náà a máa ṣìnà nígbà mìíràn, kò yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀.)

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ńkọ́? "He should have scored" jẹ́ gírámà tí tíṣà lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé kó má tíì yé kíláàsì. Ọmọ tó ń wo líìgì Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ọ nígbàkúùgbà tí agbábọ́ọ̀lù bá gbá bọ́ọ̀lù sókè nígbà tó kù òun àti gólì. Gbogbo ilé ń kígbe "ó yẹ kó gbá a wọlé", oníròyìn ń sọ tirẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ sì hàn kedere lójú gbogbo èèyàn.

Etí àti ojú ń tún ara wọn ṣe. Ẹni tó fi ojú nìkan kọ́ Gẹ̀ẹ́sì á máa pe "b" inú "plumber", nítorí pé ó rí i níbẹ̀. Ẹni tó fi etí nìkan kọ́ ọ á máa sọ ọ́ já geere, àmọ́ tó bá dé orí bébà, á kọ "should of". Gẹ̀ẹ́sì tún ń gbé ohùn lé apá kan ọ̀rọ̀ ju apá kejì lọ, nígbà tí Yorùbá ń fún gbogbo sílébù ní ohùn tirẹ̀. Ìwé kì í fi èyí hàn. Àfi kí èèyàn gbọ́ ọ.

Yorùbá abẹ́ ahọ́n ló máa ń yọjú jù lọ nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. "Ó" wa kò bìkítà bóyá ọkùnrin, obìnrin tàbí ewúrẹ́ ni, nítorí náà ọmọ á sọ pé "my mummy, he is at home". Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ, á sọ pé "sorry" láìjẹ́ pé òun ló gbé òkúta síbẹ̀, torí "pẹ̀lẹ́" ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń jáde lọ, ó ń sọ pé "I'm coming", nítorí "mò ń bọ̀" ni ẹni tó máa padà ń sọ. Bi í pé "haven't you eaten?", á ní "yes", ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tíì jẹun", ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á sì gbọ́ pé ó ti yó. Ìrònú tó péye ló wà nídìí gbogbo wọn, kì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn kan nínú wọn ti di Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tí gbogbo wa gbọ́ra wa yé nínú rẹ̀, kò sì sídìí tí a ó fi na ọmọ lé e lórí. "He" àti "she" ní tiwọn ṣeé tún ṣe, ìtàn kíkà sì dára fún un ju òfin lọ: nínú ìtàn, bí a bá ṣi ẹni tó ń ṣe nǹkan mú, ìtàn á dàrú.

Ìdánwò ló ń fi hàn bóyá ọ̀rọ̀ ti wọlé tán. JAMB ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 péré nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yòókù. Nínú WAEC, "summary" ló máa ń ká ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ kò, nítorí wọ́n ní kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tó kà. Ọ̀rọ̀ tí a kàn dá mọ̀ lójú kì í tíì ṣe ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ọmọ tí wọ́n rán lọ gba owó nídìí POS lè rí "Insufficient Funds" lójú ẹ̀rọ, kó sì mọ̀ pé òun á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó tún rí i lórí fóònù nígbà tí káàdì tán. Lọ́jọ́ kan ó bá a pàdé nínú ìwé ìtàn, oúnjẹ ni kò tó níbẹ̀, kì í ṣe owó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ní kíláàsì, wọ́n ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí omi àdúgbò, ó sì kọ ọ́ báyìí: "The water is insufficient."