Bí Àyẹ̀wò Ìbáramu Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Di Dandan Ṣáájú Ìpààrọ̀ Kíndìnrín

Láwọn ọdún 1960 sí 1969, ohun kan máa ń já àwọn oníṣẹ́ abẹ láyà nídìí ìpààrọ̀ kíndìnrín. Wọn yóò ti rán òpójẹ̀ kíndìnrín tuntun mọ́ ti aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì pupa rẹ́súrẹ́sú bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kí wọ́n tó rán ikùn pa, kíndìnrín náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú wọn, yóò rọ̀, kò sì ní sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ nígbà tí Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere ní Boston, ní oṣù Kejìlá ọdún 1954, torí pé ìbejì tó jọra bí ìmumu ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó wá kan àwọn tí kì í ṣe ìbejì, oògùn tó ń mú kí ara gba ohun àlejò ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ran ìbàjẹ́ òjijì yìí. Ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kó tó dórí bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí ipasẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ wá ọ̀rọ̀ kíndìnrín lọ. Ní ọdún 1958, Jean Dausset ní Paris rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lọ́pọ̀ ìgbà ní áńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara fi ń gbógun ti ohun àlejò, tó ń bá sẹ́ẹ̀lì funfun àwọn ẹlòmíràn jà. Lọ́dún yẹn kan náà, Rose Payne ní California àti Jon van Rood ní Leiden, ní Netherlands, rí irú rẹ̀ lára àwọn obìnrin tó ti lóyún. Ìdajì àmì ara ọmọ inú, èyí tí a mọ̀ sí HLA lónìí, ti ọ̀dọ̀ bàbá wá; ara ìyá lè rí i bí àlejò, kó sì máa rántí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó yẹ kí a máa sọ ọ́ ketekete pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn abiyamọ ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti jáde.

Paul Terasaki, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ wíwá áńtíbọ́dì yìí di iṣẹ́ tí ilé àyẹ̀wò lè máa ṣe lójoojúmọ́. Los Angeles ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1929. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Amẹ́ríkà kó òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní Arizona torí pé ìran Japan ni wọ́n. Ní ọdún 1964, òun àti John McClelland gbé àyẹ̀wò kan jáde tí kò gbà ju ẹ̀kán omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó kéré débi pé ṣíbí ìmutíì kan yóò gba irú rẹ̀ 5,000. Wọn yóò kán an sínú ihò wínníwínní lára àwo, wọn yóò fi òróró bò ó kó má baà gbẹ, wọn yóò fi sẹ́ẹ̀lì funfun ẹni tó fẹ́ fi kíndìnrín tọrẹ sí i, lẹ́yìn náà omi ẹ̀jẹ̀ ehoro. Bí áńtíbọ́dì bá ti lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ehoro yóò lu ara rẹ̀, aró yóò sì ráyè wọlé: lábẹ́ máíkíróskóòpù, èyí tó wà láàyè ń dán, èyí tó ti kú dúdú.

Ní ọdún 1966, Flemming Kissmeyer-Nielsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní Denmark, fi aláìsàn méjì hàn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ kíá torí áńtíbọ́dì tó ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí Patel àti Terasaki tẹ̀ jáde ní ọdún 1969 ló parí àríyànjiyàn. Nínú ìpààrọ̀ 225, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 30 ń bá sẹ́ẹ̀lì olùtọrẹ jà, kíndìnrín 24 nínú wọn sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nínú 195 tí ìjà kò sí, 8 péré ni. Láti ìgbà náà ni kò ti bójú mu mọ́ kí dókítà gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìṣe àyẹ̀wò yìí, tí a ń pè ní àyẹ̀wò ìbáramu.

Ní ọdún 1983, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ oníná lésà wá áńtíbọ́dì tó kéré ju èyí tí ojú lè rí. Lónìí, ìlẹ̀kẹ̀ tíntìntín tó gbé HLA kọ̀ọ̀kan dání ń sọ èyí tí ara aláìsàn kọ̀, kí olùtọrẹ kankan tó yọjú. Síbẹ̀, ilé àyẹ̀wò ṣì ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń dúró de kíndìnrín lóòrèkóòrè, torí pé gbígba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè bí áńtíbọ́dì tuntun. Wọ́n sì ṣì ń béèrè pé, "Mà, oyún mélòó lẹ ti ní?", kì í ṣe iye ọmọ, nítorí èyí tó bàjẹ́ náà wà nínú kíkà.