Ṣíṣí fèrèsé kò gba òrùlé lọ́wọ́ ìjì

Bí òjò bá ṣú, tí ìjì ń bọ̀, àwọn kan á ní kí ẹ ṣí fèrèsé iwájú àti tẹ̀yìn sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè gba inú ilé kọjá, kó má baà gbé òrùlé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Fèrèsé yẹn gan-an ni ìjì ń gbà wọlé wá ti òrùlé lábẹ́.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá lórí ilé sábà máa ń fa páànù sókè ni, pàápàá létí òrùlé àti ní igun rẹ̀. Páànù alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1, kò ju nǹkan bíi kílò 3 lọ. Ìjì tó ń sáré 90 kìlómítà ní wákàtí kan lè fi agbára tó tó ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì kan ààbọ̀ fà á sókè. Ìṣó nìkan ló dì í mú. Bí fèrèsé tó kọjú sí ìjì bá wá ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á kún inú ilé, á tú sílìn, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àpò kan mìíràn kún ohun tó ń ti páànù náà sókè.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn ni pé afẹ́fẹ́ á há sínú ilé tí wọ́n bá tì, ilé á sì bẹ́. Ilé wa ò dí tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn, àárín lúúfà, etí òrùlé, gbogbo rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Ẹ pa fèrèsé dé kí ìjì tó dé, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìlà oòrùn, torí ibẹ̀ ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò sábà máa ń gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá pẹ̀lú: bí dígí kan bá fọ́, yàrá kan náà ni atẹ́gùn á mọ. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná nígbà tí àrá ṣì jìnnà, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ sí kọ́rídọ̀ àárín ilé.

Búlọ́ọ̀kù àti táyà tí wọ́n ń gbé lé páànù ńkọ́? Ojú kan ni wọ́n ń tẹ̀. Bí páànù bá gbọ̀n, wọ́n á yọ̀ wálẹ̀ lórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kí oṣù kẹta tó dé, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun òrùlé. Ìṣó tí orí rẹ̀ ti yọ sókè, kó má fi òòlù gbá a padà, torí ihò rẹ̀ ti fẹ̀, kò lè di igi mú mọ́. Kó yọ ọ́, kó dí ihò náà, kó wá fi skúrù tó ní rọ́bà lábẹ́ orí kàn án sí ibòmíràn lórí igi kan náà.