Bí drone ṣe ń tò láìsí ẹni tó ń tò wọ́n

Tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ ní Àkúrẹ́, ẹ gbójú sókè: lékeléke á máa tò kọjá bí orí ọfà, kò sì sí èyí tó ń kígbe àṣẹ. Lọ́dún 1987, Craig Reynolds, ará Amẹ́ríkà, fi òfin mẹ́ta péré kọ ìrìn agbo ẹyẹ sínú kọ̀ǹpútà: má kọlu aládùúgbò ẹ, kọjú síbi tí wọ́n kọjú sí, má sì jìnnà sí wọn. Òfin yìí ń kó wọn rìn pọ̀ ni, kò ní kí wọ́n di ìrísí kan mú.

Ká ní drone mẹ́rin, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, fẹ́ ya àwòrán oko kòkó lọ́nà Ìdànrè, tí wọ́n gbọ́dọ̀ wà ní igun mẹ́rin ọgbọọgba. A lè ní kí kọ̀ǹpútà kan máa darí gbogbo wọn, àmọ́ ọjọ́ tó bá kú, gbogbo wọn ṣìnà nìyẹn. Ó sàn kí kálukú máa wọn bí òun ṣe jìnnà sí aládùúgbò: tó bá jìn jù, kó sún mọ́ ọn, tó bá sún mọ́ jù, kó fà sẹ́yìn.

Ìwọ̀n mélòó ló tó? Ẹ bi káfíńtà. Pákó mẹ́rin tó kàn pọ̀ ní igun mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá tì í, á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àfi tó bá kan pákó ìdábùú láti igun kan sí èkejì. Igun mẹ́ta kì í wọ́ ní tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti drone lórí ìtẹ́jú kan, ìwọ̀n kan láàárín drone méjì ló dúró fún pákó kan: ẹ sọ iye drone di ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ yọ 3, iye ìwọ̀n tó tó nìyẹn. Drone 3, ìwọ̀n 3. Drone 4, ìwọ̀n 5.

Tí wọ́n bá tò lẹ́yìn ara wọn, wàhálà mìíràn ni. Lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, mọ́tò iwájú á kàn tẹ búréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, ti ẹ̀yìn pátápátá á dúró gbagidi. Àṣìṣe kékeré ń wú bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Oògùn ẹ̀ ni kí aṣíwájú máa fi rédíò sọ eré tó ń sá fún gbogbo wọn, kì í ṣe fún ẹni tó tẹ̀ lé e nìkan.

Ká padà sórí ìdábùú. Tí bátìrì drone tó wà létí ìdábùú bá kú, ìwọ̀n mẹ́ta ló bá a lọ. Ìwọ̀n méjì tó kù á máa ká, á máa nà bí ìgúnpá. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wọn ìdábùú kejì kún un, kó di mẹ́fà: èyí tó bá wù kó já bọ́, igun mẹ́ta ṣì kù.